Ògiri Tí Ó Lanu
Ọ̀RỌ̀ INÚ ILÉ, láti ọwọ́ Akọ̀wé Ojú Irin

Mo bá ìdílé tí Ọlọ́run fi ìbejì ta lọ́rẹ ní oṣù yìí yọ̀. Táyé àti Kẹ́hìndé yóò dàgbà, wọn yóò dògbó. Mo bá àwọn tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀ kẹ́dùn. Ọlọ́run kò ní fi irú rẹ̀ gba irú rẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ sì ti ilé ọdún dé, ẹ kú àbọ̀, ẹ kú ewu ọ̀nà. A rí ẹrù yín.

Ibi ẹrù náà ni ọ̀rọ̀ mi ti bẹ̀rẹ̀. Gbogbo wa ni a mọ̀ pé ọmọ Yorùbá kì í ti ilé bọ̀ lọ́wọ́ òfo. Èlùbọ́ yóò wà níbẹ̀, gàrí yóò wà níbẹ̀, ẹ̀gúsí àti irú kò sì ní gbẹ́yìn. A ó kó àpò wọnú yàrá kan ṣoṣo tí tọkọtaya àti ọmọ mẹ́rin ń sùn, a ó tò wọ́n ti ara ògiri, a ó fi aṣọ bò wọ́n. Lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan ni a ó bẹ̀rẹ̀ sí gbọ́ ìró ní òru: kẹ̀rẹ̀kẹ̀rẹ̀, kẹ̀rẹ̀kẹ̀rẹ̀. Àlejò tí a kò pè ti dé.

Ní ìpàdé ẹgbẹ́ wa tí ó kọjá, ọ̀kan nínú àwọn ìyá wa tí ń ta èlùbọ́ dìde. Ó ní eku ti ya àpò mẹ́ta mọ́ òun lọ́wọ́, ó ní kí akọ̀wé tí ń kọ ọ̀rọ̀ inú ilé fi ọ̀rọ̀ aṣọ ẹgbẹ́ sílẹ̀ ná, kí ó kọ ọ̀rọ̀ eku. Àwọn ènìyàn rẹ́rìn-ín. Èmi kò rẹ́rìn-ín, nítorí mo mọ ohun tí ojú mi rí ní ọdún tí ó kọjá. Ìtìjú ni kò jẹ́ kí n kọ ọ́ láti ìgbà náà. Ṣùgbọ́n bí a bá ń bo ọgbẹ́ mọ́lẹ̀, kì í jinná. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́.

Ilé tí mo ń gbé ní yàrá mẹ́wàá: márùn-ún ní apá ọ̀tún, márùn-ún ní apá òsì, ọ̀dẹ̀dẹ̀ ní àárín, ilé ìdáná kan ní ẹ̀yìn. Eku wọ inú ilé náà ní àkókò ọyẹ́. Wọ́n jẹ bàtà ilé-ìwé àwọn ọmọ, wọ́n jẹ gèlè ìyàwó mi, ní alẹ́ ọjọ́ kan wọ́n sì gé àbígbẹ̀yìn wa jẹ ní ọmọ ìka ẹsẹ̀. Inú bí mi. Nígbà tí ọmọkùnrin tí ń fi ẹ̀rọ gbohùngbohùn polówó oògùn eku, oògùn aáyán, oògùn ìdun, kọjá ní ẹnu ọ̀nà wa, mo pè é, mo ra oògùn olómi, mo sì ní kí ó bù ú púpọ̀. Kò ní ìgò tí ó tó, mo bá fún un ní ìgò mínírà tí ó wà nílẹ̀.

Mo fi oògùn náà pa ẹja gbígbẹ, mo fi ẹja sí ẹ̀yìn àpò. Ó ṣiṣẹ́. Eku kú lóòótọ́, ṣùgbọ́n inú àjà ni wọ́n kú sí, fún ọjọ́ mẹ́sàn-án ni a kò sì lè jẹun nínú yàrá náà. Ìyá àgbà tí ó ń gbé yàrá kẹta ní ológbò kan. Ológbò náà jẹ ọ̀kan nínú àwọn eku tí májèlé ti mú, ó kú. Ìyá kò bá mi jà. Ohun tí wọ́n sọ ni pé, "Akọ̀wé, ẹni tí ń bá yín pa eku láìgba owó ni ẹ pa yìí o." Mo dọ̀bálẹ̀, mo bẹ̀ wọ́n.

Èyí tí ó kù nínú ìgò, mo tì í sí abẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ẹ̀yin ará, ẹ ti mọ ibi tí ọ̀rọ̀ ń lọ. Ọmọ ọdún mẹ́rin rí ìgò mínírà, ó ṣí i, ó mu ún. Igbe ìyá rẹ̀ ni mo gbọ́ láti ibi tí mo ti ń wẹ̀. Nígbà tí mo dé, itọ́ ń dà lẹ́nu ọmọ, òógùn bò ó nínú òtútù ọyẹ́, èémí rẹ̀ sì ń le. Ẹnìkan ti gbé epo pupa dé. Ẹlòmíràn ní kí a ti ìka bọ̀ ọ́ lọ́fun kí ó lè bì. Ìyá àgbà tí mo pa ológbò wọn ni wọ́n pariwo mọ́ wa pé kí a má ṣe ìkankan nínú méjèèjì, nítorí iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ni wọ́n ṣe kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì. Wọ́n bọ́ aṣọ ọmọ tí oògùn ti dà sí, wọ́n fi omi àti ọṣẹ nu ara rẹ̀, wọ́n mú ìgò náà dání, a sì wọ kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta lọ sí ilé ìwòsàn.

Ọlọ́run ṣe é, ọmọ náà yè. Ọjọ́ mẹ́ta ni a lò níbẹ̀. Dókítà kò bú mi. Ó kàn gbé ìgò náà sókè, ó bi mí pé, "Bàbá, kí ni a kọ sí ara ìgò yìí?" Orúkọ mínírà ni a kọ sí i. N kò rí èsì fọ̀.

Oṣù méjì lẹ́yìn náà, eku padà dé. Wọ́n sì pọ̀ ju ti àkọ́kọ́ lọ, nítorí ológbò kò sí mọ́.

Ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ nìyí, òun náà sì ni mo fẹ́ kí ẹ gbé lọ bí ẹ bá gbàgbé gbogbo ìyókù: májèlé lè pa eku, ṣùgbọ́n kì í dí ihò. Àwọn àgbà ti sọ ọ́ kí a tó bí wa, pé bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè rí ibẹ̀ wọ̀. Nínú ilé tèmi, ògiri lanu, àpò lanu, agolo ìdalẹ̀nù lanu, èmi sì ń ra májèlé.

ÌDÍ TÍ EKU FI Ń GBÉ PẸ̀LÚ WA

Ohun mẹ́ta ni eku ń wá: oúnjẹ, omi àti ibi ìsásí. Ilé tí ó bá ní mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ilé eku ni. Èkúté kì í lóyún ju nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lọ. Ó lè bí mẹ́fà tàbí mẹ́jọ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, àwọn ọmọ náà yóò sì ti tó ẹni tí ń bímọ láàárín oṣù méjì sí mẹ́ta. Ẹ ṣírò rẹ̀ wò. Bí ẹ bá pa mẹ́wàá lónìí, tí oúnjẹ sì wà nílẹ̀, àyè mẹ́wàá ni ẹ là sílẹ̀ fún àwọn tí ń bọ̀.

Àkókò ọyẹ́ ni wọ́n ń wọlé jù. Wọ́n ti kórè ọkà oko tán, wọ́n ti dáná sun igbó, oúnjẹ sì ti tán ní ìta. Òtútù orí òkè yìí kì í ṣe kékeré fún àwọn náà. Inú ilé wa móoru, èlùbọ́ wa sì wà nílẹ̀. Bí èmi bá jẹ́ eku, èmi náà yóò wọlé.

ÀRÙN TÍ Ó WÀ LÁRA WỌN

Èyí ni ó mú kí ọ̀rọ̀ eku kọjá ọ̀rọ̀ àpò tí ó ya. Ní Èkó, láti ọdún 1924 ni àjàkálẹ̀ àrùn tí eku àti iná ara rẹ̀ ń gbé kiri ti jà fún ọdún púpọ̀. Ó pa ọ̀pọ̀lọpọ̀ ènìyàn, ó sì wà lára ohun tí ó mú kí ìjọba dá ìgbìmọ̀ tí ń tún ìlú Èkó ṣe sílẹ̀ ní ọdún 1928. Kì í ṣe lásán ni wolé-wolé fi ń wọ ilé àwọn bàbá wa kiri ní ayé ìjọ́sí.

Ní ìlú Jos tí a wà yìí pàápàá, ọ̀rọ̀ náà kan wa gbọ̀ngbọ̀n. Ní oṣù January ọdún 1969, nọ́ọ̀sì òyìnbó kan, Laura Wine, ṣàìsàn ní ìlú Lassa, ní ilẹ̀ Borno. Wọ́n fi ọkọ̀ òfuurufú gbé e wá sí ilé ìwòsàn ìjọ ní Jos, ó sì kú. Nọ́ọ̀sì Charlotte Shaw tí ó tọ́jú rẹ̀ ní Jos náà kó àrùn ọ̀hún, ó kú. Ẹnìkẹta, Lily Pinneo, ni wọ́n gbé lọ sí Amẹ́ríkà, ó sì yè. Ní ọdún 1970, ibà náà tún jà ní Jos. Dókítà Jeanette Troup, ẹni tí ó ti tọ́jú àwọn ti ìṣáájú, wà lára àwọn tí ó bá a lọ. Kò sí ẹnì kan nínú wọn tí ó mọ ibi tí àrùn náà ti ń wá. Ọdún 1972 ni àwọn onímọ̀ tó rí i lára eku kan ní Sierra Leone. Orúkọ ìlú Lassa ni wọ́n fi pe ibà náà títí di òní.

Eku náà kò tóbi. Ó kéré sí eku ńlá inú gọ́tà, ara rẹ̀ dà bí eérú tí ó pọ́n díẹ̀, abo rẹ̀ sì ní ọmú tí ó pọ̀ gan-an ju ti àwọn eku mìíràn lọ. Kì í ṣe asín tí òórùn rẹ̀ máa ń tú u fó, kì í sì í ṣe òkété. Kì í ṣàìsàn, ṣùgbọ́n àrùn wà nínú ìtọ̀ àti ìgbẹ́ rẹ̀. Bí ó bá tọ̀ sí gàrí, tí a sì fi omi tútù rẹ gàrí náà mu, a ti jẹ ẹ́. Bí a bá gbá ìgbẹ́ rẹ̀ tí ó ti gbẹ, eruku rẹ̀ lè gba imú wọlé. Ẹni tí ó pa á tí ó sì bọ́ awọ rẹ̀, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lè gba ojú egbò wọlé.

Láti ọjọ́ kẹfà títí di ọjọ́ kọkànlélógún lẹ́yìn tí ó bá wọ ara ni ó lè tó fara hàn. Ọ̀pọ̀ ènìyàn, nǹkan bí mẹ́jọ nínú mẹ́wàá, ni kì í mú gidigidi. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá mú, ibà ni yóò kọ́kọ́ rí, àárẹ̀, orí fífọ́, ọ̀nà ọ̀fun dídùn, àyà dídùn àti èébì. Nínú àwọn mìíràn ẹ̀jẹ̀ a máa jáde lẹ́nu tàbí nímú. Àwọn kan a yè, ṣùgbọ́n etí wọn a di. Nítorí pé ó jọ ibà lásán ni ó fi ń tàn wá. Bí ẹni yín bá lo oògùn ibà fún ọjọ́ méjì tàbí mẹ́ta tí kò sì rọlẹ̀, ẹ má ra oògùn mìíràn ní ẹnu ọ̀nà. Ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn, kí ẹ sì sọ fún dókítà pé eku wà nínú ilé yín. Oògùn kan wà tí a ń pè ní ribavirin. Bí ó bá tètè dé ara ni ó ń ṣe iṣẹ́ rẹ̀ dáadáa. Ẹni tí ń tọ́jú aláìsàn náà kò gbọdọ̀ fi ọwọ́ lásán kan ẹ̀jẹ̀, èébì tàbí ìtọ̀ rẹ̀.

Kí ẹ má sì rò pé ilẹ̀ àjòjì nìkan ni. Ìpínlẹ̀ Oǹdó, ní agbègbè Ọ̀wọ̀ pàápàá, wà lára ibi tí ibà Lassa ti ń jà jù ní Nàìjíríà. Àpò tí ó ti ilé bọ̀ lè ní ìgbẹ́ eku nínú, gẹ́gẹ́ bí èyí tí a rà ní ọjà níbí.

OHUN TÍ A LÈ ṢE

Èmi kì í ṣe dókítà. Ìwé mẹ́fà ni mo kà kí n tó wọ iṣẹ́. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn ọ̀rọ̀ ọmọ mi, mo bi àwọn tí ó mọ̀, mo sì ṣe é nínú ilé wa. Bí a ṣe ṣe é nìyí.

Èkínní, ẹ pa ẹnu àpò dé. Eku a máa ya àpò, a sì máa jẹ ọ̀rá àti rọ́bà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, nítorí eyín rẹ̀ kì í yé hù, ó sì gbọdọ̀ máa rẹ́ nǹkan jẹ. Garawa onírin tí ó ní ìdérí ni ó dára jù. Bí agbára kò bá ká a, kẹ́ẹ̀gì tí ó nípọn tí ìdérí rẹ̀ ń lọ́ pa yóò ṣe é. Ẹ da ohun tí ẹ ó jẹ ní ọ̀sẹ̀ kan sínú kékeré, kí ẹ má máa ṣí ńlá lójoojúmọ́. Gàrí tí a bá sá sí ẹ̀gbẹ́ títì tàbí sí orí àpáta, tí eku ń rìn kọjá lórí rẹ̀ ní òru, kì í ṣe gàrí tí a lè fi omi tútù mu.

Èkejì, ẹ gbé àpò tí kò bá ṣe é dà sílẹ̀ kúrò ní ara ògiri. Ní ilé-ẹrù ojú irin tí mo ti kọ́ iṣẹ́, ọ̀gá mi àgbà kì í gbà kí àpò kan fara kan ògiri. Orí pákó ni a ń to ẹrù sí, a ó sì fi àyè sílẹ̀ tí ènìyàn lè gbà rìn kọjá lẹ́yìn rẹ̀. Wọ́n a máa sọ pé ibi tí fìtílà rẹ kò bá dé, eku ni ó ni ibẹ̀. Nínú yàrá kan ṣoṣo, ẹ kò lè fi àyè ìrìn sílẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ lè fi búlọ́ọ̀kù mẹ́rin àti pákó méjì gbé àpò sókè, kí ìgbálẹ̀ lè wọ abẹ́ rẹ̀, kí ojú sì lè rí ẹ̀yìn rẹ̀.

Ẹ̀kẹta, ẹ dí ihò. Ibi tí àtàǹpàkò yín bá lè wọ̀, eku lè wọ̀ ọ́. Ibi tí pẹ́ńsù bá lè wọ̀, èlírí kékeré lè wọ̀ ọ́. Aṣọ àkísà àti páálí kì í dí eku lọ́wọ́; yóò jẹ ẹ́, yóò sì fi tẹ́ ibùsùn ọmọ rẹ̀. Kànìnkànìn onírin tí a fi ń fọ ìkòkò ni kí ẹ kì bọ inú ihò náà, kí ẹ wá fi sìmẹ́ǹtì rẹ́ ẹ. Ẹ wo ẹsẹ̀ ilẹ̀kùn: bí ìmọ́lẹ̀ bá ń gba abẹ́ rẹ̀ wọlé, eku náà ń gbà á. Ẹ kan páànù tẹ́ẹ́rẹ́ mọ́ ọn. Ẹ wo ibi tí páìpù omi ti gba ara ògiri wọlé, kí ẹ sì wo ibi tí àjà ti ya. Ihò mẹ́rìnlá ni mo kà nínú yàrá tèmi nìkan. Ìlàjì àpò sìmẹ́ǹtì ni ó tó gbogbo yàrá mẹ́wẹ̀ẹ̀wá.

Ẹ̀kẹrin, ẹ má jẹ́ kí abọ́ sùn láìfọ̀. Ẹ bo agolo ìdalẹ̀nù, kí ẹ sì lọ dà á ṣáájú alẹ́. Ààtàn kò gbọdọ̀ wà lẹ́bàá ilé ìdáná. Bí ẹ bá ń sin adìyẹ, ẹ kó oúnjẹ rẹ̀ kúrò nílẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́.

Ẹ̀karùn-ún, ẹ dẹ pàkúté. Ẹ̀bá ògiri ni eku ń gbà rìn, kì í gba àárín yàrá, nítorí náà ẹ̀bá ògiri ni kí pàkúté wà, kí ẹnu rẹ̀ kọjú sí ògiri. Eku a máa bẹ̀rù ohun tuntun. Ẹ gbé pàkúté kalẹ̀ fún ọjọ́ méjì tàbí mẹ́ta pẹ̀lú ẹ̀pà yíyan tàbí ẹja gbígbẹ lórí rẹ̀, láìdẹ ẹ́. Nígbà tí wọ́n bá ti ń jẹ ẹ́ láìfòyà, ẹ wá dẹ ẹ́. Ẹ dẹ mẹ́rin tàbí márùn-ún lẹ́ẹ̀kan, nítorí ọ̀kan ṣoṣo kì í tó. Bí ológbò bá sì wà ní àdúgbò, ẹ bọ̀wọ̀ fún un.

Ẹ̀kẹfà, ẹ ṣọ́ra bí ẹ bá ń palẹ̀ mọ́. Ẹ má gbá ìgbẹ́ eku ní gbígbẹ. Ẹ ṣí fèrèsé sílẹ̀ fún nǹkan bí ìdajì wákàtí. Ẹ wọ ìbọ̀wọ́, tàbí kí ẹ fi ọ̀rá di ọwọ́. Ẹ po bílíìṣì ìwọ̀n kan mọ́ omi ìwọ̀n mẹ́sàn-án, ẹ wọ́n ọn sí i títí yóò fi rẹ, ẹ jẹ́ kí ó wà bẹ́ẹ̀ fún ìṣẹ́jú márùn-ún ó kéré tán, kí ẹ wá fi àkísà nù ún. Eku tí ó kú, ẹ wọ́n ọn bákan náà, ẹ fi ọ̀rá méjì dì í, ẹ sin ín. Eku tí ó kú nínú ilé kì í ṣe ẹran. Ẹ kìlọ̀ fún àwọn ọmọdékùnrin tí ń yan án jẹ ní ẹ̀yìnkùlé.

Ọ̀RỌ̀ MÁJÈLÉ

N kò sọ pé kí ẹnikẹ́ni má fi oògùn kan kòkòrò láéláé. Ṣùgbọ́n oògùn olómi tí wọ́n ń bù tà káàkiri, èyí tí a ń pè ní ota-pia-pia, kò ní àkọlé, kò sì sí ẹni tí ó mọ ohun tí ó wà nínú rẹ̀. Lọ́pọ̀ ìgbà, dichlorvos ni wọ́n pò mọ́ kẹrosíìnì. Ní ọdún 2019, àjọ NAFDAC fi òfin de ìgò kékeré oní 100 mílílítà oògùn dichlorvos, nítorí bí ó ti ń pa ènìyàn. Ẹ̀yin tí ẹ ń ta ẹ̀wà, ẹ gbọ́ èyí náà: ní ọdún 2015, àwọn orílẹ̀-èdè Ìṣọ̀kan Yúróòpù fi òfin de ẹ̀wà gbígbẹ láti Nàìjíríà nítorí dichlorvos tí wọ́n bá nínú rẹ̀. Ẹ̀wà kò nílò oògùn. Bí ó bá ti gbẹ dáadáa, ẹ dà á sínú kẹ́ẹ̀gì tàbí dúrọ́ọ̀mù títí yóò fi kún dé ẹnu, kí ẹ dé e pa kí afẹ́fẹ́ má bàa wọlé. Kòkòrò inú rẹ̀ kò ní rí èémí mí, yóò kú.

Bí ọmọ bá mu irú májèlé bẹ́ẹ̀, ẹ rántí mẹ́rin yìí. Ẹ má fún un ní epo pupa; epo pupa kì í ṣe ẹ̀rọ̀ rẹ̀. Ẹ má mú kí ó bì, nítorí kẹrosíìnì lè gba ọ̀nà èémí lọ sí ẹ̀dọ̀fóró. Ẹ bọ́ aṣọ tí ó ti dà sí, ẹ fi omi àti ọṣẹ wẹ ara rẹ̀. Ẹ mú ìgò náà dání lọ sí ilé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀. Oògùn rẹ̀ wà lọ́wọ́ àwọn dókítà. Ju gbogbo rẹ̀ lọ, ẹ má ṣe ohun tí mo ṣe. Ìgò mínírà, ìgò omi àti agolo mílíìkì kì í ṣe ilé májèlé.

Nípa àwọn yòókù, díẹ̀ ni mo ní láti sọ. Aáyán ń bá páálí ọjà wọlé. Ẹ tú ẹrù sílẹ̀ ní ìta, ẹ gbọn páálí, ẹ sun ún, kí ẹ sì dé ẹnu ṣalángá. Ìdun lè wà fún ọ̀pọ̀ oṣù láìmu ẹ̀jẹ̀, nítorí náà, ìrìn àjò yín kò lè pa á. Omi híhó lójú oríkèé bẹ́ẹ̀dì, àti oòrùn líle lórí tìmùtìmù, léraléra, ni ó ń ṣẹ́gun rẹ̀. Ikán ń bọ̀ láti inú ilẹ̀. Ẹ má jẹ́ kí pákó àti àpótí fara kan ilẹ̀ lásán. Ẹ̀fọn kò lò ju bí ọ̀sẹ̀ kan tàbí ọjọ́ mẹ́wàá lọ láti inú ẹyin di ẹni tí ń fò. Ẹ máa da omi tí ó dúró nù lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, kí ẹ sì sùn nínú àpò ẹ̀fọn.

OHUN TÍ MO BẸ̀ Ẹ̀BẸ̀ FÚN

Nígbà tí mo dí ihò yàrá tèmi tán, ìyàwó mi ní, "Bàbá Ìbejì, ẹ ti lé eku lọ sí yàrá ìyá àgbà nìyẹn." Òótọ́ ni. Ní òru ọjọ́ náà gan-an ni wọ́n ṣí lọ síbẹ̀. Ní òwúrọ̀, mo kó ìyókù sìmẹ́ǹtì, mo lọ dí ti ìyá àgbà. Ẹni tí ó wà ní yàrá kẹrin rí wa, ó bá wa dá sí i. Ó tó ọ̀sẹ̀ méjì kí a tó dí gbogbo ilé tán, Yorùbá, Ìgbò, Hausa àti Bẹ́rọ̀m tí ó wà níbẹ̀. Eku kì í bi wá léèrè èdè tí a ń sọ kí ó tó ya àpò. Láti ìgbà náà, a kò tíì gbọ́ kẹ̀rẹ̀kẹ̀rẹ̀ ní òru.

Nítorí náà, mo bẹ ẹgbẹ́ wa ní ohun méjì. Àkọ́kọ́, kí a yan ọjọ́ Àbámẹ́ta kan nínú oṣù tí ń bọ̀, kí gbogbo ilé tí ọmọ ẹgbẹ́ wa wà dí ihò rẹ̀ ní ọjọ́ kan náà, kí a sì pe àwọn aládùúgbò wa mọ́ ọn. Èkejì, kí àwọn àgbà ẹgbẹ́ bá àwọn onílé sọ̀rọ̀ nípa àjà tí ó ya àti gọ́tà tí ó dí, nítorí ọ̀rọ̀ tí ayálégbé kan sọ tí onílé kò gbọ́, bí àgbà mẹ́ta bá sọ ọ́, yóò gbọ́. Àgbájọ ọwọ́ ni a fi ń sọ̀yà. Bí ẹgbẹ́ bá gbà bẹ́ẹ̀, èmi yóò fi àpò sìmẹ́ǹtì kan ṣe ìdáwó tèmi.

Mo sì ní ohun kan tí ó yẹ kí ìwé ìròyìn yìí gbé pẹ̀lú ìròyìn àwọn ọmọ tuntun. Ní ọ̀sẹ̀ tí ó kọjá, mo mú ọmọ ológbò kan lọ fún ìyá àgbà ní yàrá kẹta. Wọ́n gbà á. Ọmọ mi tí ó mu oògùn nígbà náà, ẹni tí ó ti pé ọdún márùn-ún báyìí, ni ó gbé e lọ́wọ́ fún wọn. Ìyá àgbà wo ọmọ, wọ́n wo ológbò, wọ́n ní, "Akọ̀wé, méjèèjì ni kí ẹ bá mi ṣọ́ o."

Mo ní, "Ẹ ṣeun, mà."

Ó di oṣù tí ń bọ̀. Kí Ọlọ́run má jẹ́ kí a fi ọwọ́ ara wa ṣe ara wa.